Ọjọ́ Tí Àgbébọ̀ Onírin Dákú

Igbe ni ínfátà ń ké nígbà tí Mànàmáná, oníṣẹ́ iná, dé. Kì í ṣe igbe kékeré o. Igbe tí òkú lè gbọ́, kó dìde jókòó, kó bèèrè pé ta ló ń da òun láàmú ni. Fíí, fíí, fíí, bí ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ níbi tí kò ṣeé fi han ẹlòmíì. Òtútù àárọ̀ ọjọ́ náà sì mú débi pé àwọn alángbá ń bẹ ògiri kó jọ̀ọ́ kó yá àwọn láṣọ. Òjò wíníwíní ti ń sẹ̀ láti ìdájí, kò rọ̀, kò dá, bí àlejò tó ní òun ń lọ tí kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ká ọwọ́ méjèèjì lé orí.

"O ti wá dé? Ìgbín tí mo rán sí ọ ti lọ, ó ti bọ̀, ó ti wẹ̀, ó ti sùn!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ọ̀nà ń yọ̀. Alùpùpù mi ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, èmi náà ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

"Ìwọ ṣubú ju alùpùpù tí o gùn lọ? Wọlé, jọ̀ọ́. Wọlé kí o wá wo ohun tó ń pa mí kú."

Ìyá Olóròmọ ni gbogbo àdúgbò ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa pa ẹyin di òròmọdìyẹ fún àwọn ènìyàn. Ẹ̀rọ rẹ̀ wà nínú yàrá kejì. Àpótí onírin gíga kan ni, ó ní pẹpẹ mẹ́fà nínú, fáànù méjì àti àwọn wáyà tó ń pọ́n tí wọ́n sì ń fún un ní ooru. Àgbébọ̀ Onírin ni wọ́n sọ ọ́, torí pé ó ń sàba lé ẹyin lórí láìṣá ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ jẹ. Láàárọ̀ yìí, Àgbébọ̀ Onírin ti dákú. Fáànù ò yí. Iná ò sí. Mànàmáná wo tẹmómítà tó wà lára gíláàsì. Ó yẹ kó wà lórí mẹ́tàdínlógójì ó lé díẹ̀. Ó ti wálẹ̀ dé mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

"Ìgbà wo ló kú?"

"Kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo tàn án, ó jó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó kú. Mo tún un tàn, ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi."

Ẹgbẹ̀fà ẹyin ló wà nínú àpótí náà. Ọjọ́ kọkàndínlógún wọn nìyẹn, ọjọ́ kọkànlélógún sì ni ẹyin máa ń pa. Ọjọ́ méjì péré ló kù. Bó bá jẹ́ ẹyin lásán ni, à bá ní kí wọ́n máa lọ, a ó wá òmíràn. Ṣùgbọ́n ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni àrùn kan gba àdúgbò náà kọjá, kò sì fi adìyẹ kan ṣoṣo sílẹ̀, kódà adìyẹ tí wọ́n yà sára kàlẹ́ńdà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Àkùkọ ò kọ mọ́, àwọn ènìyàn ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ọkùnrin kan sùn láti ọjọ́ Ajé di ọjọ́ Ọjọ́rú, ó ní òun ń retí kí ilẹ̀ mọ́. Àwọn tó ń fi adìyẹ gbọ́ bùkátà wá kó ìkẹyìn agbára wọn jọ, wọ́n ra ẹyin wá láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n kó o fún Ìyá Olóròmọ pé kó bá àwọn pa á. Òun náà fi igba tirẹ̀ kún un, olúkúlùkù sì fi àmì tirẹ̀ sára ẹyin rẹ̀. Bí ẹyin wọ̀nyí bá kú, adìyẹ tán nìyẹn, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún máa fi bẹ̀rẹ̀.

Mànàmáná ló fi gbogbo iná sólà yẹn síbẹ̀: páànẹ́lì mẹ́fà lórí òrùlé, bátìrì mẹ́rin, àti ínfátà kan tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé. Lọ́jọ́ tó parí iṣẹ́ ọ̀hún, ó fọ́nnu débi pé itọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ páànẹ́lì. "Ẹ̀gbọ́n mi, bí òòrùn bá gba ìsinmi oṣù kan, ẹyin yín ò ní gbọ́!" Ó ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta lòun yóò máa wá yẹ̀ ẹ́ wò. Oṣù kẹwàá rèé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ ibẹ̀. Orí fóònù ló ti ń ṣe àyẹ̀wò: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó ń tàn?" "Ó ń tàn." "Ó dáa, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò nìyẹn."

Ó gbé àkàbà, ó gun òrùlé. Nígbà tó rí orí páànẹ́lì, ó pariwo. Eruku tó wà níbẹ̀ nípọn tó kí wọ́n gbin àgbàdo sí i. Òjò wíníwíní ti pò ó di ẹrẹ̀. Ìgbẹ́ ẹyẹ tó wà lórí páànẹ́lì àkọ́kọ́ nìkan tó kọ́ ilé yàrá mẹ́ta àti ilé ìdáná. Igi ẹ̀gbẹ́ ilé, tó jẹ́ ọ̀pá tín-ín-rín nígbà tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ti di òmìrán, ó na ẹ̀ka rẹ̀ bo páànẹ́lì kẹfà bí ẹni tó ń fi ọwọ́ bo ọmọ lójú.

"Ẹ bá mi gbé omi àti aṣọ rírọ̀ wá! Àti àdá!"

Ó ń nu, ó ń bú ara rẹ̀. Ó mọ̀ dáadáa pé páànẹ́lì tí wọ́n so pọ̀ mọ́ra dà bí àwọn mẹ́fà tó jọ gbé ìtì igi: bí ẹnì kan bá jókòó, ìrìn gbogbo wọn ti bàjẹ́. Òjìji ẹ̀ka kan ṣoṣo tó láti sọ mẹ́fà di mẹ́ta. Ó mọ̀ ọ́n. Ó kàn wà lórí fóònù ni.

Ibẹ̀ ni Aránṣọ ti bá a. Obìnrin náà ń rán aṣọ lójúlé kẹta, ẹnu rẹ̀ yára ju ẹ̀rọ rẹ̀ lọ, kì í sì í já òwú. Òun ló ni ẹyin púpọ̀ jù nínú Àgbébọ̀ Onírin, pẹpẹ méjì gbáko, irinwó ẹyin. Ó fi àmì abẹ́rẹ́ sára gbogbo wọn.

"Ìwọ Mànàmáná! Ṣé òòrùn lò ń wá lórí òrùlé ni, àbí o ń sá fún wa?"

"Ẹ káàárọ̀ mà. Mò ń fọ páànẹ́lì ni."

"Ó ń fọ páànẹ́lì! Ọmọ mi ń kú nínú ilé, dókítà ń fọ wíńdò!"

"Mà, ẹ ṣe sùúrù—"

"Sùúrù wo? Mo ti fi sùúrù bò wọ́n fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Sọ̀kalẹ̀ kí n rí ojú ẹ!"

Mànàmáná gé ẹ̀ka náà, ó sọ̀kalẹ̀, ó tan ínfátà. Fáànù yí. Gbogbo wọn mí kanlẹ̀. Aránṣọ pàápàá dákẹ́, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ìṣẹ́jú mẹ́rin lẹ́yìn náà, fáànù dúró, igbe tún bẹ̀rẹ̀. Tẹmómítà: mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

Mànàmáná wá tọ wáyà láti òrùlé bọ̀, ó ń fi ọwọ́ pa á bí ẹni tó ń wá egungun nínú ẹja. Lẹ́bàá ògiri, ó rí ibi tí eku ti jẹ ẹ̀wù ara wáyà tán, tí irin pupa rẹ̀ yọ síta bí eyín. Ó gé e, ó tún un so, ó wé e. Níbi tí wáyà ti wọ inú kọntiróólà, àpótí kékeré tó ń darí iná láti páànẹ́lì sí bátìrì, nọ́ọ̀tì kan ti tú, ó ti ń jó díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà tí kò sí ẹni tó mọ̀, ibẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Nọ́ọ̀tì kan péré! Ìyípo sípánà méjì ni ì bá gbà á bó bá wá ní oṣù kẹta. Ó fún un le, ó nu ibẹ̀, ó tan ínfátà.

Fáànù yí. Ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ó dúró.

Ìyá Olóròmọ kàn fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan gíláàsì àpótí náà, bí a ṣe ń kan iwájú orí ọmọ tó ń ṣàìsàn. Ìyẹn dun Mànàmáná ju gbogbo èébú Aránṣọ lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló tọ́ ọ lẹ́yìn tí ìyá wọn kú, kò sì gbàgbé ọwọ́ yẹn.

"Ó ku bátìrì," ó ní. Ó gba ẹ̀yìn ilé lọ síbi àtíbàbà kékeré tó fúnra rẹ̀ kàn fún àwọn bátìrì náà, tó fi àwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ gbà á kọjá. Ó ṣí i. Àpò oúnjẹ adìyẹ ló bá níbẹ̀, àti àgò òfìfo, àti bàtà ẹsẹ̀ kan. Kò sí bátìrì.

Ó padà wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bátìrì dà?"

"Ó wà nínú ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti kó wọn wọlé." Ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún gbéra díẹ̀, bí ẹni tó rántí ohun rere kan tó ṣe. "Òtútù pọ̀ jù lẹ́yìn yẹn, mo ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n kú. Wá wò ó bí mo ṣe tọ́jú wọn."

Ó mú un lọ sẹ́yìn Àgbébọ̀ Onírin, sí àlàfo tó wà láàárín àpótí àti ògiri, níbi ihò tí ẹ̀rọ náà fi ń tú ooru rẹ̀ síta. Bátìrì mẹ́rin tò sórí pákó. Kúbùsù méjì tó nípọn ló fi wé wọn, ó ki etí rẹ̀ wọ abẹ́ wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ẹnì kan bá ní kí ó fún wọn lọ́mú, àyè tiẹ̀ wà.

Mànàmáná ká kúbùsù náà kúrò. Ooru gbá a lójú. Méjì nínú àwọn bátìrì náà ti wú, wọ́n yọ ikùn síwájú bí aboyún ìbẹ́ta tí oṣù rẹ̀ ti kọjá. Òórùn kan jáde, ó wọ̀ ọ́ nímú, omi dà lójú rẹ̀. Òórùn ẹyin tó rà ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ò gbọ́ òórùn yìí?"

"Mo mà gbọ́ ọ! Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni. Mo rò pé ẹyin kan ló bàjẹ́. Mo ti tú pẹpẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo ń gbóòórùn ẹyin lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò rí i."

Níbo ni ì bá ti rí i? Ní ilé ẹlòmíì, bí òórùn bá ti ń jáde lára bátìrì, wọ́n á pariwo. Nílé ẹni tó ń pa ẹyin, ẹyin ni wọ́n máa kọ́kọ́ fura sí. Obìnrin náà ti fi imú kan ẹgbẹ̀fà ẹyin ní ìgbà mẹ́rin, ohun tó ń kú sì wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú kúbùsù.

"Ta ló ní kí ẹ wé bátìrì ní kúbùsù?" Ohùn rẹ̀ ti lọ sókè kó tó mọ̀.

"Ìwọ ni!"

"Èmi?"

"Ìwọ ni o! Mo ní báwo ni mo ṣe máa tọ́jú wọn, o ń kó irinṣẹ́ rẹ, o ń rẹ́rìn-ín, o ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sáà máa tọ́jú wọn bí ẹ ṣe ń tọ́jú ẹyin yín.' Kí ni mo mọ̀ nípa ẹyin bí kò ṣe ooru? Ogún ọdún ni mo ti ń ṣe é. Ohun tó bá móoru ló ń yè lọ́wọ́ mi. Èyí tó bá tutù, a máa gbé e dànù ni."

Mànàmáná ju kúbùsù náà sílẹ̀. Ó rántí. Ó sọ ọ́. Ó sọ ọ́ kí ó baà lè tètè lọ. Kò sọ fún un pé ooru ni ikú bátìrì, pé ibi tó tutù tí afẹ́fẹ́ wà ló fẹ́, pé èyí tó yẹ kó lo ọdún márùn-ún, bí o bá fi sínú ooru, ó lè máà rí ọdún kejì. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan ni. Ó ti fi ìṣẹ́jú náà fọ́nnu.

"Ẹ̀n-ẹ́n." Ẹ̀yìn wọn ni ohùn ti wá. Aránṣọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Ìkan ń fọ́nnu, ìkan ń wé kúbùsù. Ẹyin mi wá wà láàárín ọmọ ìyá méjì bí ẹran láàárín eyín."

Ìyá Olóròmọ kúnlẹ̀. Kò ka ọjọ́ orí sí, ó fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀. "Ẹ dárí jì mí. Mo fi ọwọ́ ara mi pa wọ́n. Ọwọ́ ara mi ni."

"Ẹ dìde níbẹ̀!" Aránṣọ jágbe. "Ẹ̀bẹ̀ ò móoru! Mànàmáná, ṣé àwọn ẹyin ti kú àbí wọn ò tíì kú?"

"Mi ò mọ̀, mà. Wákàtí mélòó kan sí i, wọ́n máa kú."

"Ṣe nǹkan, kí wákàtí náà tó pé! Àbí a ó máa wò ọ́ bíi fọ́tò?"

Bí ẹni pé wọ́n gbá a létí ni. Ó fo dìde. "Kí ẹnikẹ́ni má ṣáná nínú yàrá yìí o! Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára bátìrì yìí, iná ló ń wá. Ẹ ṣí wíńdò!"

"Wíńdò? Nínú òtútù yìí?"

"Bí a ò bá ṣí i, gbogbo wa lè gbiná. Ẹ ṣí i!"

Wọ́n ṣí i. Òtútù wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni, ó lọ tààrà sára Àgbébọ̀ Onírin. Tẹmómítà: mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ìyá Olóròmọ di ojú rẹ̀.

Mànàmáná tú wáyà, ó fi ìbọ̀wọ́ gbé àwọn méjì tó wú síta, ó fi wọ́n síbi tó jìnnà sí ilé. Méjì yòókù, tí wọ́n jìnnà díẹ̀ sí ihò ooru, gbóná ṣùgbọ́n ikùn wọn ṣì tẹ́. Ó kó wọn lọ sábẹ́ àtíbàbà, ó kó àpò oúnjẹ adìyẹ dànù. Òtútù tó ń pa ẹyin nínú ilé ni oògùn bátìrì níta, ayé yìí ò kúkú ní ojú. Nígbà tí ara wọn tutù díẹ̀, ó fi mítà wọn agbára wọn. Ó mi orí.

"Ó máa gbé fáànù," ó ní. "Kò lè gbé ooru. Fáànù nìkan."

"Kí ni fáànù fẹ́ ṣe láìsí ooru?" ni Aránṣọ bèèrè.

"Ẹyin ọjọ́ mọ́kàndínlógún ti ń mí," Ìyá Olóròmọ ló dáhùn, ojú rẹ̀ ṣì dì. "Bí afẹ́fẹ́ ò bá yí, wọ́n á kú kódà nínú ooru. Fáànù dáa. Ẹ jẹ́ ká wá ooru ọ̀tọ̀."

"Ooru?" Aránṣọ wo yàrá náà yíká. "Omi gbígbóná ńkọ́?"

Wọn ò dúró dáhùn, wọ́n pa wíńdò dé. Aránṣọ jáde sí títì, ó la ẹnu, ẹnu yẹn tí gbogbo àdúgbò ti ń bú láti ọdún mẹ́wàá sì ṣe iṣẹ́ tí agogo ò lè ṣe. Ó ní kí gbogbo ẹni tó bá ní ẹyin gbé omi kaná. Ẹni tí kò ní ẹyin, tó bá gbọ́ ohùn rẹ̀, òun náà gbé omi kaná nítorí ẹ̀rù. Bàbá tó ń tún bàtà ṣe sáré dé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi méjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wọ bàtà oníbàárà. Wọ́n ń kó kẹ́ẹ̀gì wọ abẹ́ pẹpẹ, wọ́n ń tò ó sí ẹ̀gbẹ́ àpótí. Aránṣọ kó gbogbo aṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wá, ti oníbàárà o, ti ara rẹ̀ o, ó fi wọ Àgbébọ̀ Onírin. Ó fi ihò afẹ́fẹ́ nìkan sílẹ̀. Ẹ̀rọ náà wọ aṣọ ìyàwó, ó wọ sòkòtò ọlọ́pàá, ó wọ yẹ̀rì mẹ́sàn-án àti kóòtù adájọ́. Bó bá dìde rìn jáde, wọ́n á dìbò fún un.

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Gbogbo ojú wà lára tẹmómítà. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó wálẹ̀ sí mẹ́rìnlélógún. Wọ́n pààrọ̀ omi. Mẹ́rìnlélógún. Wọ́n pààrọ̀ omi. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ìka Ìyá Olóròmọ bó nítorí omi gbígbóná, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ rẹ̀.

Mànàmáná mọ̀ pé bátìrì méjì yẹn ò ní rí ìrọ̀lẹ́. Ó gun alùpùpù lọ sílé, ó tú bátìrì méjì tó ń fún ilé tirẹ̀ níná, ó dì wọ́n mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù bí ọmọ. Ìyàwó rẹ̀ ń bèèrè ibi tó ń kó iná ilé lọ, ó ní, "Mo ń lọ san gbèsè ẹnu mi," ó sì ti lọ. Nígbà tó padà dé, Bàbá Oníbàtà ní kó so wọ́n mọ́ méjì ti tẹ́lẹ̀ kó lè di mẹ́rin.

"Rárá, bàbá. Èyí tó ti gbó máa fa èyí tó lágbára lulẹ̀ ni. Ọ̀tọ̀ ni mo máa so wọ́n." Ó tò wọ́n sábẹ́ àtíbàbà, ó fi àlàfo ìka mẹ́rin sáàárín wọn, ó fún gbogbo nọ́ọ̀tì le títí ọrùn rẹ̀ fi yọ iṣan. Lẹ́yìn náà ló pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ síbẹ̀, ó ní kó fi ọwọ́ kàn wọ́n. "Báyìí ló yẹ kí ara wọn rí. Bó bá gbóná ju èyí lọ, ẹ pè mí. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn, ẹ pè mí. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n bi yín pé ṣé ó ń tàn. Ẹ bú mi títí n ó fi dé."

"Èébú ò níí wọ́n ọ," ni Ìyá Olóròmọ sọ.

Ọ̀sán ti ń lọ sí ìrọ̀lẹ́ nígbà tí òòrùn yọjú díẹ̀, bí ẹni tó jẹ gbèsè tó ń yọ́ wo ìta. Páànẹ́lì tí a ti fọ̀ gbà á mú. Mànàmáná tan ínfátà. Igbe ò ké mọ́. Wáyà inú Àgbébọ̀ Onírin pọ́n. Tẹmómítà ń gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dé mẹ́tàdínlógójì, ó dúró síbẹ̀. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Gbogbo wọn mọ̀ pé ẹ̀rọ ló jí. Ti ẹyin ṣì kù.

Ìyá Olóròmọ gbé abọ́ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ kalẹ̀. Bí a bá fi ẹyin tó ti fẹ́ pa sínú irú omi yẹn, tí omi náà sì pa rọ́rọ́, ẹyin tí ọmọ inú rẹ̀ wà láàyè á máa gbọ̀n, á máa yí díẹ̀díẹ̀. Èyí tó ti kú á kàn léfòó lásán bí ṣíbí.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè, níbi tí pẹpẹ tirẹ̀ wà. Mẹ́wàá ló mú níbẹ̀. Mẹ́jọ gbọ̀n. Pẹpẹ kejì àti ìkẹta, ti àwọn aládùúgbò, méje, méje. Ìkẹrin, ti Bàbá Oníbàtà, márùn-ún. Bàbá náà ká fìlà, ó jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún, ó ní èéfín ni. Èéfín ò sì sí níbẹ̀.

Pẹpẹ méjì ìsàlẹ̀ ni ti Aránṣọ. Ìsàlẹ̀ sì ni òtútù ń lọ. Ìkarùn-ún: mẹ́ta gbọ̀n nínú mẹ́wàá. Ìkẹfà: wọ́n fi ẹyin kan sínú omi. Kò mira. Òmíràn. Kò mira. Wọ́n fi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sí i. Omi pa rọ́rọ́ bíi dígí.

Ìyá Olóròmọ ò wo ojú Aránṣọ. Ó mú bíírò, ó lọ sí pẹpẹ tirẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà lórí àmì ara rẹ̀, ó ń ya abẹ́rẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹyin kan, ẹyin kejì.

"Ẹ fi bíírò sílẹ̀," ni Aránṣọ wí.

"Tiyín ni gbogbo rẹ̀. Igba ni. Ẹ kó o."

"Mo ní ẹ fi bíírò sílẹ̀. Mi ò gba sàráà. Ẹyin tèmi ni mo fẹ́. Mẹ́wàá lẹ wò, igba ló wà lórí pẹpẹ yìí. Ẹ gbé omi míì."

Mànàmáná fẹ́ sọ pé kò sí àǹfààní kankan níbẹ̀. Ó wo ojú obìnrin náà, ó gbé omi.

Wọ́n ń fi wọ́n sínú omi lọ́kọ̀ọ̀kan. Aránṣọ ń kà á. Ogún. Kò sí. Àádọ́ta. Kò sí. Omi tutù, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún. Kò sí. Bàbá Oníbàtà ní kí wọ́n jẹ́ kó sinmi, Aránṣọ ní kó lọ sinmi nínú bàtà. Nígbà tí wọ́n dé orí àádọ́jọ ó lé mẹ́ta, ẹyin kan tó wà ní igun ẹ̀yìn, lẹ́bàá kẹ́ẹ̀gì omi, gbọ̀n. Ó dúró. Ó tún gbọ̀n.

Ìyá Olóròmọ fi ọwọ́ rẹ̀ tó ti bó gbé e jáde, ó nù ún, ó fi sínú ooru. Wọ́n ń bá a lọ. Nígbà tí wọ́n parí igba, méje ló gbọ̀n. Méje péré.

Aránṣọ jókòó, ó ń wo agbọ̀n tí wọ́n kó àwọn yòókù sí. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó na ọwọ́.

"Ẹ fún mi ní bíírò yẹn."

Ó lọ sí pẹpẹ òkè. Ó ka ọgọ́rùn-ún nínú ẹyin Ìyá Olóròmọ, kò dín, kò lé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya abẹ́rẹ́ sára wọn fúnra rẹ̀. "Mo ní mi ò gba sàráà," ó ní. "Mi ò sọ pé mi ò ní gba ẹ̀tọ́ mi. Ọgọ́rùn-ún yòókù, ẹ mú. Ẹni tí kò ní adìyẹ tirẹ̀ nílẹ̀, báwo ló ṣe máa pa ẹyin wa lọ́dún tó ń bọ̀?"

Ìyá Olóròmọ ń gbé ẹyin fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, òun náà ń ya abẹ́rẹ́. Nígbà tí wọ́n dé bíi mọ́kànlélọ́gọ́ta, bíírò gbẹ. Aránṣọ gbọ̀n ọ́n, ó mí èémí sí i, ó bú u.

"Mànàmáná! Bíírò!"

Mànàmáná ti jáde kó tó pe orúkọ rẹ̀ tán. Ó ń sáré lọ nínú ẹrẹ̀, ó ṣubú, ó dìde, kò sì dúró nu orúnkún.